Bí Mo Ṣe Wa Ọkọ̀ Obì Lórí Kọ̀ǹpútà Linux

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí agídí mi ṣe tó, kó lọ bi kọ̀ǹpútà mi. Odindi oṣù mẹ́ta lèmi àti òun fi wọ̀yá ìjà nítorí eré kan ṣoṣo. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi rò pé eré ni mo fẹ́ràn, mi ò sì bá wọn jiyàn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún òyìnbó pé àdúrà bàbá mi ni mò ń wá nínú eré awakọ̀?

Ṣàgámù ni wọ́n bí mi sí, ní Sábó. Obì ló ń bọ́ wa nínú ilé wa, obì ló sì rán wa níléèwé. Ìyá mi ń ta gbàǹja, bàbá mi ló ń fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ sókè Ọya. Ọgbọ̀n ọdún ló fi rin ọ̀nà Kánò yẹn, kò sì sí àlejò tó wọ ilé wa tí kò ní gbọ́ ọ kó tó mu omi.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá mi sì kán. Wọ́n to egungun, egungun jinná, àmọ́ ẹsẹ̀ náà kò lágbára àtitẹ bíréèkì mọ́, egbò ara rẹ̀ kò sì tètè san. Èmi tí mo jẹ́ àgbà nínú àwọn ọmọ ni mò ń wẹ egbò náà láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ni mo wà nígbà náà, mò ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé, mò ń bá àwọn ọmọ fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Tí mo bá padà dé, ibi tí mo fi bàbá mi sí láàárọ̀ ni màá bá a, tó ń wo ògiri. Ọkùnrin tó ti wo gbogbo igbó àti ọ̀dàn títí dé Kánò, ògiri ló wá ń wò.

Ni mo bá gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan wálé, èyí tí ètò tí wọ́n ń pè ní Windows ń darí, mo fi eré kan sí i tí èèyàn ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti ìlú dé ìlú. Títì inú rẹ̀ gùn lọ salalu, igi wà lẹ́bàá ọ̀nà, òjò máa ń rọ̀, àwọn ọkọ̀ mìíràn á máa kọjá. Ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń wà á, kò sí ti ẹsẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá mi wò ó, ó yọ ṣùtì ètè sí i. “Ọkọ̀ tí kì í jẹ epo, tí táyà rẹ̀ kì í bẹ́. Ọkọ̀ ọ̀lẹ nìyí.”

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta la ń pè é kó tó wá jẹun.

Bó ṣe ń wa ọkọ̀ obì ló ṣe ń wa ọkọ̀ inú eré náà. Obì ò fẹ́ràn ooru. Tí ọkọ̀ obì bá dúró sínú oòrùn, ẹrù inú rẹ̀ á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ kó tó dé ọjà, ìdí nìyẹn tí awakọ̀ obì fi máa ń wá ibòji kó tó sinmi. Lọ́jọ́ kan, irin ni eré náà ní kó gbé. Ó wakọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá igi ńlá kan lẹ́bàá títì, ó rọra gbé ọkọ̀ sábẹ́ rẹ̀.

“Bàbá, irin lẹ gbé o,” mo wí. “Oòrùn ò lè ba irin jẹ́.”

“Ṣé mo bi ọ́ ni?”

Lọ́dún kejì ni iṣẹ́ yọ fún mi ní Ìlú Ọba, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó. Inú gbogbo ilé dùn, àfi bàbá mi.

“Arúgbó lo fẹ́ lọ tọ́jú?” ó bi mí. “Ṣé arúgbó ti wọ́n ní Ṣàgámù ni?”

Ẹsẹ̀ tí mò ń wẹ̀ lójoojúmọ́ ló nà sórí àpótí níwájú mi yẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, ìyá mi ṣàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn ẹbí ṣàdúrà. Mo wá lọ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá mi. Ó kọjú sí ògiri, ó ní, “Ó dàbọ̀.” Mo dúró lórí ìkúnlẹ̀, bóyá nǹkan mìíràn á tẹ̀lé e. Kò sí nǹkan tó tẹ̀lé e. Ọkọ̀ ti ń fọn fèrè níta, mo dìde, mo lọ. Ẹni tí Yorùbá bá bí mọ ohun tí mò ń wí: kí ọmọ fi ilé sílẹ̀ láìgba àdúrà bàbá rẹ̀, nígbà tí bàbá wà láàyè, tó wà nínú ilé, tó sì ń gbọ́. Ó dùn mí ju òtútù tí mo lọ bá lọ.

Òtútù náà ò sì kéré. Ìlú kékeré kan ní àríwá Ìlú Ọba ni mo dé sí. Mo ti rò pé mo mọ òtútù nítorí pé mo mọ ọyẹ́. Irọ́ ni, ọyẹ́ Ṣàgámù, ọmọ ọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni bí gbogbo àdúgbò ṣe dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rí ọkùnrin tí ilé rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú tèmi, mo sì kí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mo bi í bó ṣe sùn, mo bi í léèrè ìyàwó, mo bi í léèrè àwọn ọmọ. Ó wò mí, ó wẹ̀yìn wo ilé rẹ̀, ó rọra bi mí pé ṣé nǹkan kan ti ṣe ìyàwó òun ni.

Ti ibi iṣẹ́ ló tún wá ga jù. Ìyá àgbà kan wà tí wọ́n ní kí n máa tọ́jú, Magirẹ́ẹ̀tì lorúkọ rẹ̀, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Mo wọlé sí i láàárọ̀, orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Ìyá rò pé mo ṣubú. Ó tẹ aago, nọ́ọ̀sì méjì sáré dé, ọ̀kan di apá mi mú, èkejì ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Wọ́n kọ odindi ìwé nípa ìṣubú tí mi ò ṣubú.

Mo ṣàlàyé, wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Magirẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti wọlé, á na ọwọ́ rẹ̀ síta, á máa retí ìkúnlẹ̀ mi. Bí mo bá ń kánjú tí mo fẹ́ fò ó, á ní ó jọ pé mo gbàgbé nǹkan. Ọlọ́run bá mi kẹ́ ìyá yẹn. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tí mo gbé wá láti ilé lè wúlò níbi tí mo wà.

Mò ń pe ilé lójoojúmọ́. Ìyá mi á gbé e, á bi mí bóyá mo jẹun, á sọ iye tí gbàǹja ń lọ fún mi bí ẹni tí mo fẹ́ rà. Tí mo bá ti ní kó gbé fóònù fún Bàbá, ohùn rẹ̀ á yí padà.

“Bàbá rẹ ń kírun.”

Mo tún pè lọ́sàn-án. “Wọ́n ń kírun.” Mo pè nírọ̀lẹ́. Wọ́n ṣì ń kírun.

“Màámi, ìrun mélòó ni Bàbá ń kí lóòjọ́ báyìí?”

“Má dà mí láàmú. Wọ́n ti fẹ́ di àlùfáà.”

Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò lè bọ́ bàtà iṣẹ́ mi. Bàbá ẹlòmíràn ni mo wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí mo gé èékánná fún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní bàbá mi ríre bí. Mo ní àmín.

Àbúrò mi Sẹ̀kínà ló fún mi ní ìròyìn tó ta mí jí. Olùkọ́ ni ní Ìkẹ́nnẹ́, àmọ́ ilé ló ń ti ń lọ tó sì ń bọ̀ lójoojúmọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo nǹkan yín tó wà nínú ilé, Bàbá ní ká kó o sínú àpótí. Eré ọkọ̀ yẹn nìkan ni wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn. Wọ́n ń wà á láràárọ̀, wọ́n tún ń wà á tí wọ́n bá kírun Àsárì tán.”

Mo ti mọ̀ pé ibì kan wà nínú eré náà tí ẹni méjì ti lè wakọ̀ lójú títì kan náà, kódà kí òkun wà láàárín wọn. Mo wò ó lọ́kàn mi pé ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ohùn mi lórí fóònù, bóyá kò ní lé mi tí mo bá wakọ̀ tẹ̀lé e. Bóyá láti ibẹ̀, á rọ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì ṣe àdúrà tó fi dù mí.

Ó kù kí n ní kọ̀ǹpútà. Tómáàsì ló bá mi yanjú ìyẹn, ará Poland tó ń tún bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe níbi iṣẹ́ wa. Ó ní kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fẹ́ dà nù, tó gbà lọ́wọ́ wọn. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, kò gba kọ́bọ̀.

“Windows tuntun kọ̀ ọ́,” ó wí. “Ó ní ó ti darúgbó jù. Ni mo bá fi Linux sí i dípò rẹ̀. Linux kì í lé arúgbó dànù.”

A jọ rẹ́rìn-ín, torí àwa méjèèjì mọ ilé tá a ti ń ṣiṣẹ́. Mo dúpẹ́ títí ojú fi ń tì í. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé eré bàbá mi, Windows nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yé mi. Eré tí wọ́n kọ fún Windows, èdè Windows nìkan ló gbọ́. Tó bá fẹ́ ya àwòrán, tó bá fẹ́ dún, èdè yẹn ló fi ń bèèrè. Linux ní gbogbo ohun tó ń bèèrè, ṣùgbọ́n èdè ọ̀tọ̀ ló ń sọ. Kí àwọn méjèèjì tó lè jọ ṣòwò, ògbufọ̀ ní láti jókòó sáàárín wọn. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ògbufọ̀ ò ṣàjèjì sí ọmọ Sábó. Màlámù Sálè ló máa ń jókòó sáàárín ìyá mi àti àwọn oníbàárà tó ń ti òkè Ọya wá. Ìyá mi ò gbọ́ Haúsá kọjá iye tí ọjà jẹ́. Tí oníbàárà bá ní obì rẹ̀ kéré, ìyá mi á ní, “Sọ fún un pé ojú ló ń dùn ún.” Màlámù Sálè á kọjú sí oníbàárà, á fi Haúsá sọ fún un pé ìyá ní kó dákun, kó tún un wò dáadáa. Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín músẹ́ síra wọn, ọjà á sì tà. Màlámù Sálè ni mò ń wá fún kọ̀ǹpútà mi.

Mo rí ètò náà, mo fi sí i, mo ṣí eré. Ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri. Mo pa á, mo tún un ṣí, dúdú ni. Bí mo ṣe ń lo ọjọ́ ìsinmi mi nìyẹn, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá lọ sọ́jà, èmi á jókòó ti ojú ẹ̀rọ dúdú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwòrán jáde. Títì pupa, ọ̀run pupa, ọkọ̀ pupa, bí ẹni pé ẹnì kan da kẹ́ẹ̀gì epo pupa lé ayé lórí. Mo tún ìyẹn ṣe, gbogbo ọ̀rọ̀ inú eré wá di àpótí kéékèèké, mi ò lè ka orúkọ ìlú tí mò ń lọ. Mo tún ìyẹn náà ṣe. Ó wá kù kó dún. Kò dún. Ọkọ̀ ń lọ bí òkú.

Mo bú u. Mo fi Yorùbá bú u, mo fi ti Rẹ́mọ tí ìyá ìyá mi ń sọ bú u, torí òun ló mú jù. Mo ti fẹ́ gbé e padà fún Tómáàsì.

Ìkànnì kan wà lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń fi Linux ṣe eré Windows ti máa ń sọ ìṣòro wọn fún ara wọn. Mo kọ tèmi síbẹ̀. Mo kọ́kọ́ kí wọn kú iṣẹ́, mo bi wọ́n léèrè àlàáfíà ilé wọn, kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Kò pẹ́, ẹnì kan dá mi lóhùn láti orílẹ̀-èdè tí mi ò lè tọ́ka sí lórí máàpù. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó bi òun léèrè ará ilé òun rí. Ó ní ìyàwó òun ń bẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló kọ ìlà ọ̀rọ̀ kan fún mi, ó ní kí n fi síwájú àṣẹ tí mo fi ń ṣí eré náà.

Mo fi ìlà náà síbẹ̀, mo ṣí eré, mo tan ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì dún! Mo figbe ta, mo fò sókè, mo jó yí yàrá ká. Ọkùnrin ilé kejì wá kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé kò sí nǹkan. Mo ní ọkọ̀ mi tó ti bàjẹ́ látọjọ́ yìí ló ṣiṣẹ́. Ó wo ìta, kò rí ọkọ̀ kankan, ó ṣáà bá mi yọ̀. Èèyàn dáadáa ni, ó ti ń bi mí bí mo ṣe sùn báyìí.

Mo jókòó, mò ń wo ọkọ̀ náà tó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Ó ya mí lẹ́nu pé eré náà ò mọ̀ pé òun ò sí nílé. Gbogbo ohun tó bá ti bèèrè, ògbufọ̀ á ní ó wà, á sì lọ bá a wá nǹkan tó jọ ọ́. Èmi náà ń bèèrè ata níbí, mò ń rí nǹkan tó jọ ata. Mò ń bèèrè ìyá, Ọlọ́run fún mi ní Magirẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ilé, mi ò ní tan ara mi jẹ, ṣùgbọ́n nǹkan ń ṣiṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo àwọn tí mi ò mọ̀ tó jókòó sáàárín tí wọ́n ń bá wa túmọ̀.

Sẹ̀kínà lọ bá Bàbá sọ ọ́. “Mo ti sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀ lójú títì lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn Àsárì,” ó wí. “Wọn ò ní kí ẹ wá, wọn ò sì ní kí ẹ má wá.”

Ìyẹn tó mi. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọlé sínú eré náà, mo rí ọkọ̀ aláwọ̀ aró kan nínú ọgbà tí wọ́n ti ń kẹ́rù. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni “Bàbá Ṣàgámù”, Sẹ̀kínà ló tẹ̀ ẹ́. Omi dà lójú mi. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí mo ti rí bàbá mi gbẹ̀yìn nìyẹn, ọkọ̀ rẹ̀ sì nìyẹn níwájú mi. Mo tan iná sí i, mo pa á, mo tún tàn án. Kò mira. Mo dúró ìṣẹ́jú kan, mo dúró méjì. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti há, mo ṣáà mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ṣàgámù. Ara mi sì ti wà lọ́nà, mo fẹ́ kó rí bí mo ṣe mọ ọkọ̀ wà. Ni mo bá yí ọwọ́ ọkọ̀, mo ya bàbá mi sílẹ̀, mo fọn fèrè, mo jáde sí títì.

Mi ò tíì dé oríta tí orúkọ rẹ̀ fi pòórá. Mo pe Sẹ̀kínà.

“Wọ́n ti pa kọ̀ǹpútà,” ó wí. “Wọ́n ti wọ yàrá lọ.”

Mo rò pé Linux ló bá mi bà á jẹ́. Mo fi gbogbo ọjọ́ kejì tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Nígbà tó di ọ̀sán, fóònù mi dún, ìyá mi ni. Ìyá mi kì í pè mí, èmi ni mo máa ń pè é.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ó wí, “ta ló kọ́ ọ pé kí o máa ya olórí ọkọ̀ sílẹ̀?”

Bí ẹni pé ẹnì kan da omi tútù sí mi lára. Inú ilé awakọ̀ obì ni wọ́n bí mi sí, báwo ni mo ṣe gbàgbé? Tí ọkọ̀ obì méjì tàbí mẹ́ta bá jọ ń lọ sókè Ọya, awakọ̀ tó dàgbà jù ló ń ṣíwájú. Ẹnikẹ́ni ò ní tan ọkọ̀ títí àgbà náà fi máa ṣàdúrà ìrìn-àjò tán, tó sì máa pe àwọn awakọ̀ lórúkọ níkọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò sì ní yà á sílẹ̀. Ẹni tó bá yà á sílẹ̀, ó ti sọ fún un pé òun ò fẹ́ àdúrà rẹ̀.

“Àdúrà ni wọ́n ń ṣe,” ìyá mi wí. “Sẹ̀kínà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń ṣe àmín. Wọ́n ti ṣe ti ọkọ̀, wọ́n ti ṣe ti ọ̀nà. Ó kù kí wọ́n pe orúkọ, lo bá fọn fèrè, lo bá kọjá.”

Àdúrà tí mo kúnlẹ̀ dúró dè lẹ́nu ọ̀nà tí kò wá, nígbà tó wá, mo fọn fèrè kọjá rẹ̀.

“Màámi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.”

“Bẹ̀ wọ́n fúnra rẹ. Ojú títì tí o ti ṣẹ̀ wọ́n ni kí o ti lọ bẹ̀ wọ́n.”

Sátidé tó tẹ̀lé e, mo wọlé, mo dúró wákàtí méjì nínú ọgbà ìkẹ́rù, kò wá. Sátidé kejì, kò wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn tó ṣe eré náà fi nǹkan tuntun kún un. Ògbufọ̀ mi ò gbọ́ èdè tuntun náà, ojú ẹ̀rọ sì padà di dúdú. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbìyànjú kó tó di àsìkò iṣẹ́. Tómáàsì wá wò ó títí, ó kàn ń họ orí. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo padà lọ bá ọ̀rẹ́ mi tí mi ò mọ̀ lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì tún fún mi ní ìlà mìíràn. Kó tó fún mi, ó bèèrè bí àwọn ará ilé mi ṣe ń ṣe. Mo ní kó bá mi dúró ná, òní ni màá mọ̀.

Eré ṣí nígbà tí àsìkò ti ń lọ. Mo wọ ọgbà ìkẹ́rù. Ọkọ̀ aláwọ̀ aró náà wà níbẹ̀.

Mo rọra lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo pa iná, mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo dúró. Ìṣẹ́jú kan kọjá, méjì, mẹ́ta. Kò mira. Ọwọ́ mi ń yún mi láti wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láti tẹ nǹkan kan ṣáá. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan, mo jókòó lé wọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní kó kàn máa wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, kódà tó bá di ọ̀la, mi ò ní kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Fóònù mi dún. Orúkọ bàbá mi ló yọ lójú rẹ̀.

“Bàbá,” mo wí.

“Ṣé o ti pa ẹ́ńjìnnì?”

“Mo ti pa á, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé…”

“Dákẹ́ ná,” ó wí. “Mi ò kì í ṣàdúrà fún awakọ̀ tí mi ò gbọ́ àmín rẹ̀. Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn.”

Ó ṣe Bísímílááhì. Ó ṣàdúrà fún ọkọ̀, mo ní àmín. Ó ṣàdúrà fún ọ̀nà, fún táyà tí kì í bẹ́ nínú eré náà, fún àwọn tá a fi sílẹ̀ nílé, fún àwọn tá a máa bá lọ́hùn-ún. Mò ń ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ mi, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pè mí níléèwé, bí kò ṣe èyí tó sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ, tí kò sí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n pè ní gbogbo ìlú tí mo wà. Ó ní kí Ọlọ́run ṣáájú mi. Ó ní ilẹ̀ tí mo bá tẹ̀, kó gbà mí. Ó ní àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú, kí ọwọ́ mi tù wọ́n lára bó ṣe tu òun.

Ohùn mi ti lọ.

“Mi ò gbọ́ ọ,” bàbá mi wí.

“Àmín!” mo kígbe. “Àmín, Bàbá. Àmín.”

“Ó yá, tan ọkọ̀. Má sún mọ́ mi jù, má sì jìnnà.”

Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ tàn. Mo jẹ́ kó jáde sí títì tán, mo sì tẹ̀lé e.